Àpótí Tí A Wọ́n Omi Sí

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà, n ó bi í léèrè ẹni tó jẹ́ ìyá ìwà, nítorí mo ti bá baba lò tó. Ọ̀rọ̀ àpótí kan ló fà á, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Ó ti pẹ́ o. Òmìnira kù díẹ̀ kó dé nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, Odode Ìdànrè ni mo sì ń gbé. Síbẹ̀, bí mo bá rántí rẹ̀ di òní olónìí, inú mi á tún ru.

Ará Ìdànrè gan-an kọ́ ni wá. Apá Ọ̀ṣun ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó olóko, ibẹ̀ náà ló sì kú sí, ó ku èmi àti ìyá mi. Mo kọ́ṣẹ́ télọ̀. Sùtánà funfun ni mò ń rán jù, nítorí ìjọ Aládùúrà wa ní ẹsẹ̀ òkè ń gbèrú, kò sì sí ẹlòmíràn ládùúgbò tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn rẹ̀ tí kò fi ní fún èèyàn lọ́rùn. Nínú ìjọ yìí kan náà ni mo ti ń ta gìtá. Ká sọ òótọ́, mo ń ta á, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ọ. Gìtá onígi lásán ni. Bí agogo bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ìlù gbà á, tí gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́, èmi àti Ọlọ́run nìkan la mọ̀ pé gìtá wà níbẹ̀, èmi gan-an sì máa ń ṣiyèméjì nígbà mìíràn.

Ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ ọ ni ìyá mi. Ibà ńlá kan ti dá a dùbúlẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, nígbà tó sì dìde, etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ti ọ̀tún náà sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá, lápá òsì, ni àwọn obìnrin ń jókòó sí nínú ìjọ wa. Iwájú, lẹ́bàá pẹpẹ, ni gìtá wà, obìnrin kì í sì í dé ibẹ̀. Òfin mìíràn tún wà: ohun tí a bá ti yà sí mímọ́ kì í sùn nílé ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí Bàbá Alàgbà, ẹni tó ń darí ìjọ wa, ti gbàdúrà sí gìtá náà, ọjọ́ tí mo rà á gan-an, ni kò ti jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Nítorí náà ìyá tó bí mi, tí a jọ ń gbé inú yàrá kan, kò tíì gbọ́ gìtá mi rí. Mo sì fẹ́ kó gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, kí etí rẹ̀ tó di pátápátá. N kò wá ohun mìíràn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ń lọ sílé, á bi mí pé, "Ṣé o ta á lónìí?"

"Mo ta á, Màámi."

"Èmi ò gbọ́ o. Agogo nìkan ni mò ń gbọ́."

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ní agogo náà ti ń jìnnà.

Mo mú ọ̀rọ̀ lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Mo ní ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní amplifáyà, pé àwọn ẹgbẹ́ olórin ní ìlú ńlá ti ń lò ó, pé bí a bá so gìtá mọ́ ọn, ẹni tó wà lókè àpáta á gbọ́ ọ. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, bàbá kan béèrè ibi tí ẹ̀rọ náà wà nínú Bíbélì. Mo ní kó fi ibi tí aago tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Bíbélì hàn mí. Wọ́n ní mo ṣàfojúdi, wọ́n sún ìpàdé síwájú. Ní ìpàdé kejì, ẹlòmíràn ní ohùn tó bá pọ̀ jù lè mú kí òkúta já lulẹ̀ láti orí òkè wá sórí ṣọ́ọ̀ṣì. Òkúta tó ti wà níbẹ̀ kí Nóà tó kan ọkọ̀! Ní ìpàdé kẹta, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run fi èyí tí a máa rà hàn wá. Mo gba ààwẹ̀ náà. Ìbínú kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ebi ń pa mí.

Ẹnu Ìyá Aríran, obìnrin tó ń ríran fún ìjọ, ni ìdáhùn ti wá. Ó ní òun rí àpótí kan tí iná ń jó nínú rẹ̀, àpótí náà kò sì jóná. Gbogbo ìjọ kígbe Halelúyà. Èmi náà kígbe, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó tún gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó pinnu ẹni tó máa lọ sí Àkúrẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, bí mo bá fẹ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀, mo ní láti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kí n sì lọgun. Àwọn aládùúgbò rò pé à ń jà.

Àwa mẹ́ta la wọ ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà lọ níkẹyìn: Bàbá Alàgbà, Ìyá Aríran, àti èmi. Bàbá Alàgbà ló gbé gìtá. Ó fi aṣọ pẹpẹ wé e bí ọmọ tuntun, torí ohun mímọ́ ń rìnrìn àjò. Èmi tí mo ni ín, wọ́n ní kí n máa mójú tó iṣu tí Ìyá Aríran fẹ́ kó fún àbúrò rẹ̀. Ìgò omi àdúrà méjì ni Ìyá Aríran fúnra rẹ̀ gbé sórí itan, kò sì jẹ́ kí èrò kankan fara kàn án títí a fi dé.

Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe la lọ bá. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò lè bà á jẹ́. Ó lẹ irin pẹlẹbẹ kan tó ń gba ohùn okùn mọ́ ikùn gìtá mi, ó fa wáyà jáde lára rẹ̀, ó sì gbé àpótí méjì síwájú wa pé kí a yan èyí tó bá wù wá.

Ti àkọ́kọ́ dúdú, kò ga, kókó kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀ tí wọ́n ń yí láti mú ohùn lọ sókè. Ó so gìtá mọ́ ọn, mo sì ta okùn kan. Ohùn náà jáde, ó mọ́, ó le, ó dúró ṣánṣán. Àwọn tó ń kọjá lójú títì yíjú wò wá. Mo rí ìyá mi lójú ọkàn mi, tó gbé orí sókè lápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá, èyí ni," mo wí.

Bàbá Alàgbà fajú ro. "Ó ń pariwo jù," ó ní.

Láti ìgbà òjò àkọ́kọ́ la ti ń wá ohun tó máa pariwo.

Àpótí kejì tóbi, ó rí bí rédíò àwọn baba wa, pátákó dídán, aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló kàn án, ó sì hàn pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kókó méjì wà lára rẹ̀ tí kò sí lára ti àkọ́kọ́. Ọ̀kan ń mú kí ohùn máa gbọ̀n, bí ẹni tí òtútù mú tó ń kọrin. Èkejì ń mú kí ohùn máa dá ara rẹ̀ lóhùn, bíi gbohùngbohùn. Ó ní sípíríǹgì gígùn méjì tí òun tẹ́ sábẹ́ àpótí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó dára, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ga tó ti àkọ́kọ́, kò sì mọ́ tó o, mo sì mọ̀ pé etí tó ń kú lọ kò ní rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀.

Ó yí kókó gbohùngbohùn. Mo ta okùn kan. Okùn náà sọ̀rọ̀, ó tún un sọ, ó tún un sọ.

"Ẹ gbọ́!" ni Bàbá Alàgbà kígbe. "Àwọn áńgẹ́lì ń dá a lóhùn!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "Ìdànrè la ti wá. Bí èèyàn bá sín lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì wa, àpáta á bá a sín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ta ló ń ra gbohùngbohùn lọ sí Ìdànrè? Ta ló ń pọn omi lọ sódò Ọwẹnà?"

"A kò ta òróró sí ti àpáta," ni èsì rẹ̀.

Mo yíjú sí Ìyá Aríran. Mo ní, ó kéré tán, ìran tí a torí rẹ̀ gbààwẹ̀ á yanjú ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn àpótí méjèèjì kí òun rí iná náà. Ọkùnrin náà ṣí i. Gílóòbù kéékèèké tó ń fún ẹ̀rọ lágbára wà nínú èyí, wọ́n wà nínú tọ̀hún, gbogbo wọn ń pọ́n bí ẹyin iná. Iná ń jó nínú méjèèjì, ìkankan kò sì jóná. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Ọkùnrin náà kò fẹ́ kí ọjà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ló bá yí kókó tó ń mú ohùn gbọ̀n. Bí ohùn gìtá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni Ìyá Aríran náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń fọ èdè, iṣu ń yí kiri nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo dáwọ́ gìtá dúró, ó dúró. Mo tún ta á, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní purọ́, mo dán an wò lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ó tán," ni Bàbá Alàgbà wí. "Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ di mímọ́."

Nínú ìjọ wa, ohunkóhun tí a bá rà, ìbáà jẹ́ àga, ìbáà jẹ́ ìgbálẹ̀, a kì í gbé e wọlé láìwọ́n omi àdúrà sí i. Mo mọ àṣà náà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ṣe é, lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn àpótí tó ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin oníṣẹ́ rédíò kàn ráyè sọ pé "Bàbá, ẹ má..." ni, omi ti lọ. Omi tútù bá gílóòbù gbígbóná, ó dún pà! Èéfín díẹ̀ rú jáde. Àpótí dákẹ́.

Ọkùnrin náà ká ọwọ́ lé orí. "Ẹ ti pa á! Ẹ ti pa iṣẹ́ ọwọ́ mi! Ẹ sanwó rẹ̀, kí ẹ máa gbé e lọ o. Èmi ò tún gbà á padà mọ́."

Bàbá Alàgbà kò tiẹ̀ mira. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ó ní. "Ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe dáhùn nígbà tí omi kàn án ni? Ṣé ti àkọ́kọ́ dáhùn?"

Mo ní ti àkọ́kọ́ kò dáhùn nítorí pé a kò wọ́n omi sí i. Ó ní kí n lọ ṣa iṣu nílẹ̀.

Bí a ṣe gbé àpótí tó ti kú wá sí Ìdànrè nìyẹn, tí a fi èyí tó yè sílẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Nínú ọkọ̀, wọ́n ń kọrin ọpẹ́. Mo di eyín mi pọ̀ títí a fi dé.

Èkó ni irú gílóòbù yẹn ti máa wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gbé àpótí wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ nítorí rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, kò tíì dé. Nígbà kejì, ó dé, kì í ṣe irú rẹ̀. Nígbà kẹta, ọkùnrin náà lọ sí ìsìnkú. Nígbà kẹrin, ó fi sí i, àpótí sọ̀rọ̀, mo sì sáré gbé e wálé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo bá ìyá mi níwájú ilé tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo kígbe pè é. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mo tún pè é. Ìgbà tí òjìji mi bo àtẹ ẹ̀wà ló tó gbójú sókè.

"Ìgbà wo lo dé? Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti yè, Màámi! Ó kù díẹ̀!"

Ó wo ẹnu mi dáadáa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò."

Ó yẹ kí n ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bóyá mo tilẹ̀ mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí àpótí bá ké, á wọ inú etí rẹ̀, bó ti wù kó há tó.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Nígbà tí a gbé àpótí síwájú pẹpẹ la rántí pé iná mànàmáná ló ń jẹ, kò sì sí iná mànàmáná ní Odode. Gbogbo wa la ti gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn l'Ákùúrẹ́, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, àtèmi náà. Ìpàdé tún bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò kòkó kan ní jẹnẹrétọ̀ sílé rẹ̀, ó ní òun á yá wa lọ́jọ́ ìkórè nìkan. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ ìkórè pé. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí ariwo rẹ̀ má baà dí ìsìn lọ́wọ́, àpáta gba ariwo náà, ó dá a padà sórí wa, jẹnẹrétọ̀ kan di méjì. A kì í wọ bàtà nínú ilé Ọlọ́run, ilẹ̀ sì tutù, nítorí náà gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ kan okùn gìtá ni iná ń ta mí bíi tanípẹ́pẹ́. Mo wá pátákó kan, mo dúró lé e lórí. Bàbá Alàgbà fúnra rẹ̀ wá yí kókó gbohùngbohùn àti kókó tó ń mú ohùn gbọ̀n títí wọn kò fi lè yí mọ́. Orin ìyìn bẹ̀rẹ̀. Mo ta gìtá. Àpótí ń gbọ̀n, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn, àpáta ń dá àpótí lóhùn, gìtá kan di bíi mẹ́fà, kò sì sí èyí tó bá èkejì mu nínú wọn.

Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn fò dìde, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo na ọrùn, mo wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún lápá òsì. Ìyá mi wà lórí ìdúró. Ó di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń bọ́ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo dárí ji Bàbá Alàgbà. Mo dárí ji Ìyá Aríran àti iṣu rẹ̀. Mo ní kò burú, ó ti gbọ́.

Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Ohùn gé lẹ́ẹ̀kan náà. Onílù dáwọ́ dúró, alágogo dáwọ́ dúró, gbogbo ìjọ la ojú wọn, wọ́n ń wo àpótí. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo ló kù tó ń dún lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ìyá mi ni. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tàsé rárá.

Mo dúró lórí pátákó bí òmùgọ̀. Inú bí mi, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni. Láti ibi tí mo dúró sí dé ibi tó wà kò tó ogún ìṣísẹ̀. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, nígbà tí etí ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń gbọ́ agogo, mo lè ti gbé gìtá rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí n ta á sí i létí. Kí ni wọn ì bá ti fi mí ṣe? Wọn ì bá ti pe ìpàdé. Èmi ni mo ń bẹ̀rù ìpàdé, èmi ni mo ń wá àpótí.

Mo fa wáyà yọ. Mo gbé gìtá, mo sọ̀ kalẹ̀ níbi pẹpẹ, mo gba àárín àwọn àgbà kọjá. Bàbá Alàgbà pè mí lẹ́ẹ̀mejì. N kò dá a lóhùn, èmi tí n kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà rí. Obìnrin kan ti na ọwọ́ láti di ọwọ́ ìyá mi mú, mo mi orí sí i pé kó fi í sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo fi ẹ̀yìn gìtá ti àyà rẹ̀ gbọingbọin, mo sì ta okùn tó nípọn jù.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó la ojú, ó rí mi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé igi gìtá, mo tún ta á, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó yíjú sí gbogbo ìjọ, ó sì fi ohùn gíga ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́ kígbe pé:

"Ẹ dákẹ́ o! Ẹ̀yin ará, ẹ dákẹ́! Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀!"

Kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.